Yíyan Bíìtì àti Ipa fún Kòtò Tí Ó Mọ́: Àyẹ̀wò Ọpọ́n Ayò Tí A Fi Ẹ̀rọ CNC Gbẹ́

0. Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe lè fi ẹ̀rọ CNC gbẹ́ kòtò sí ara igi kí kòtò náà sì mọ́ láti orí ẹ̀rọ wá, láìjẹ́ pé a ń fi sáńpépà bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ CNC ni ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí: mọ́tò kan ń yí bíìtì, irin kan sì ń gbé mọ́tò náà lọ síwájú, sẹ́yìn, sókè àti sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ fún un. Ibi yòówù tí a bá gbẹ́ jìn sínú igi tí kò lu igi já ni a ó máa pè ní kòtò. Ojú ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún bíìtì láti tọ̀ ni a ó máa pè ní ipa.

Ó yẹ kí a rántí ibi tí ẹ̀rọ yìí ti wá. Ní 1952 ni wọ́n fi ẹ̀rọ agbẹ́rin tí a fi nọ́ńbà darí han àwọn ènìyàn ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà. Irin ni wọ́n fẹ́ fi í gbẹ́, irin kò sì ní iṣan. Bí a bá gé e láti apá ọ̀tún tàbí láti apá òsì, bákan náà ni yóò rí. Púpọ̀ nínú ìlànà tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń la ipa fún bíìtì lónìí ni ó fi ìdí múlẹ̀ lórí ohun tí kò ní iṣan yìí. Igi ní iṣan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba ipa tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ fún un láìyẹ̀ ẹ́ wò yóò rí kòtò tí ìwọ̀n rẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ya, tí ara rẹ̀ sì hu irun.

Àwọn kan ti ń sọ pé ẹ̀rọ yìí ti sọ ìmọ̀ agbẹ́gilére di ohun àná. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìpinnu tí agbẹ́gilére ń fi ọwọ́ ṣe bí ó ti ń gbẹ́ igi lọ ni ẹni tí ó ń la ipa gbọ́dọ̀ ti ṣe tán kí ẹ̀rọ tó yí. Ìtò iṣẹ́ tí àwọn agbẹ́gilére wa ti ń tẹ̀ lé, èyí tí wọ́n pín sí ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín, sì bá ohun tí igi ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ mu ju ìpín méjì péré tí ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà máa ń gbé síwájú ẹni.

1. Ọpọ́n tí a fi ṣe àpẹẹrẹ

Ọpọ́n ayò ni a mú, nítorí pé irú kòtò méjì ni ó wà lára ohun kan ṣoṣo. Èkíní ni ihò 12 tí a ti ń ta ayò, mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí a ń kó ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sí títí yóò fi pé 48. Inú àwọn wọ̀nyí rí róbótó bí inú igbá. Èkejì ni kòtò ìkó-ọmọ-sí tí àwọn kan máa ń gbẹ́ sí orí ọpọ́n méjèèjì; a fún èyí ní ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ àti ògiri tí ó dúró ṣánṣán.

Kí ni a ń pè ní kòtò tí ó mọ́? Lára ọpọ́n ayò, òṣèré fúnra rẹ̀ ni ó ní ìdáhùn. Ìka ni ó fi ń kó ọmọ ayò, kíákíá ni ó sì ń kó o. Bí ẹ̀ẹ́rún igi bá yọ ṣóńṣó ní etí ihò, yóò gún un. Bí ìsàlẹ̀ ihò bá ní àkàsọ̀ tàbí ìlà jíjìn, ọmọ ayò yóò há síbẹ̀. Bí a bá sì fi sáńpépà ha etí ihò títí tí yóò fi mọ́, etí náà kò ní mú ṣáká mọ́. Yóò tẹ́, ihò kan yóò sì fẹ̀ ju èkejì lọ. Etí tí ó mú ṣáká tí kò ya, ògiri tí kò hu irun, ìsàlẹ̀ tí kò ní àkàsọ̀: mẹ́ta yìí ni a ń wá.

Ìwọ̀n tí a ó máa lò nìyí: ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 70, ó sì jìn ní mìlímítà 30. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò rí i pé ara bọ́ọ̀lù tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35.4 ni a ti gé irú ihò bẹ́ẹ̀. Kòtò ìkó-ọmọ-sí jìn ní mìlímítà 20.

2. Iṣan igi

Iṣan ni okùn tín-ín-rín tí ó tò jọ tí ó sì di igi. Bí irin bá ń gé e lọ ní ìhà tí iṣan dà sí, iṣan á máa tẹ̀ lábẹ́ irin, yóò sì gé mọ́lẹ̀. Bí irin bá kọjú sí i, yóò wọ abẹ́ iṣan, yóò gbé e sókè, igi yóò sì ya síwájú ẹnu irin lọ sí ibi tí a kò fẹ́ kí ó dé.

Gbogbo ihò róbótó ni ó ní ìṣòro yìí nínú. Bí a bá fi ojú pín ihò ayò sí mẹ́rin, a ó rí i pé ìdá méjì tí ó kọjú sí ara wọn ni irin ti ń bá iṣan lọ. Nínú ìdá méjì yòókù, ńṣe ni ó ń kọjú ìjà sí i. Agbẹ́gilére mọ èyí láìka ìwé. Bí ó bá dé ibi tí iṣan ti yí padà, yóò yí ọ̀bẹ tàbí ọpọ́n fúnra rẹ̀, yóò sì máa gbẹ́ láti òdì kejì. Bíìtì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìhà kan ṣoṣo ni mọ́tò ń yí sí, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí a tilẹ̀ pàṣẹ fún bíìtì kí ó yí ipa rẹ̀ po láti ọ̀tún sí òsì tàbí láti òsì sí ọ̀tún, ìhà kan náà ni ẹnu rẹ̀ ń gbà kọjá lára ògiri. Ìdá méjì tí yóò kọjú sí iṣan yóò máa kọjú sí i. Ohun tí ó kù fún wa ni kí ohun tí a fẹ́ gbẹ́ kẹ́yìn tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí iṣan kò fi ní rí agbára ya.

Igi kò sì rí bákan náà. Ọmọ, tí a fi ń gbẹ́ ìlù, rọrùn láti gbẹ́, ó sì máa ń fara mọ́ irin. Arère fúyẹ́, ó rọ̀, ṣùgbọ́n rírọ̀ náà ni ó jẹ́ kí ó máa hu irun bí bíìtì kò bá mú. Ìrókò le, ó sì pẹ́ láyé, àmọ́ iṣan rẹ̀ wọ inú ara wọn: ìpele kan dà sí ọ̀tún, èyí tí ó tẹ̀ lé e dà sí òsì, nítorí bẹ́ẹ̀ kò sí ìhà tí ènìyàn lè gbà gbẹ́ ẹ tí kò ní bá ìpele kan jà. Lẹ́yìn èyí, òkúta funfun máa ń wà nínú ìrókò nígbà mìíràn, ó sì lè ba ẹnu bíìtì jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa ń yún ara, ó sì máa ń dí imú. Kí a má ṣe gbẹ́ ẹ láìsí ohun tí yóò máa fa lẹ́búlẹ́bú náà kúrò. Igi yòówù tí kò bá gbẹ dáadáa yóò hu irun, kò sí bíìtì tí ó lè wo àrùn yẹn sàn.

3. Bíìtì

Ohun mẹ́ta ni a ń wò lára bíìtì: ìhà tí ẹnu rẹ̀ lọ́ sí, bí orí rẹ̀ ti rí, àti bí ó ti nípọn tó.

Ìhà tí ẹnu lọ́ sí ni àwọn ènìyàn kì í sábà fiyè sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó ń pinnu bí etí kòtò yóò ti rí. Bíìtì tí àwọn olùtajà ń pè ní upcut ni a ó pè ní afàsókè: bí ó ti ń yí ni ó ń gbé ẹ̀ẹ́rún igi jáde sókè. Inú kòtò á mọ́, bíìtì kò ní gbóná, ìsàlẹ̀ kòtò á sì gé dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń gbé ẹ̀ẹ́rún sókè náà ni ó ń gbé iṣan etí kòtò sókè, níbi tí kò sí igi kankan lókè rẹ̀ tí yóò dì í mú. Etí á ya. Èyí tí wọ́n ń pè ní downcut ni a ó pè ní atẹ̀sílẹ̀. Ó ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀ kí ó tó gé e, etí kòtò á sì mú bí ẹni fi abẹ gé e. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kòtò ni ó ń ti ẹ̀ẹ́rún sí. Bí kòtò bá jìn, ẹ̀ẹ́rún yóò kún ibẹ̀, bíìtì yóò máa tún un gé, ooru yóò sì jó igi dúdú.

A rí i nígbà náà pé ohun tí etí kòtò ń fẹ́ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Bíìtì kan ṣoṣo kò lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Àwọn kan yóò ní kí a lo bíìtì compression, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ afàsókè tí òkè rẹ̀ sì jẹ́ atẹ̀sílẹ̀. Pákó tí a fẹ́ gé já ni wọ́n ṣe bíìtì yìí fún. Kí òkè rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́, ìgbẹ́ àkọ́kọ́ gan-an gbọ́dọ̀ jìn ju apá afàsókè rẹ̀ lọ; bí a bá ń gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń ṣe nínú kòtò, afàsókè lásán ni etí yóò bá pàdé. Ní èrò tiwa, owó tí a fi rà á fún iṣẹ́ kòtò, a sọ ọ́ nù.

Ní ti bí orí bíìtì ti rí, bíìtì olórí-pẹrẹsẹ ni ó yẹ ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ, olórí-róbótó ni ó sì yẹ inú tí ó rí bí igbá. Olórí-róbótó ní àléébù kan tí kò hàn sí ojú. Bí bíìtì bá ń yí, etí rẹ̀ ni ó ń sáré. Góńgó orí rẹ̀ gan-an, láàárín gbùngbùn, kò kúrò lójú kan. Ní ògiri ihò, etí bíìtì ni ó ń gbẹ́, ibẹ̀ á sì dán. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, góńgó yìí ni ó ń fara kan igi, kò sì gé e. Ńṣe ni ó ń ha á. Ìdí nìyí tí àárín ihò ayò fi máa ń rí wúruwùru nígbà tí ògiri rẹ̀ ń dán. Ẹni tí ó bá lè yí àwòrán ọpọ́n padà díẹ̀ lè fi ojú pẹrẹsẹ kékeré, bí owó kọ́bọ̀, sí ìsàlẹ̀ ihò, kí ó sì fi bíìtì olórí-pẹrẹsẹ tí igun rẹ̀ ká parí rẹ̀. Ọmọ ayò kò ní mọ ìyàtọ̀.

Ní ti ìnípọn, ìlànà tí ó rọrùn ni pé kí a lo èyí tí ó nípọn jù tí kòtò lè gbà. Bí bíìtì bá gùn ní ìlọ́po méjì, yóò fì ní ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ó bá tín-ín-rín dé ìdajì, yóò fì ní ìlọ́po 16. Fífì yìí ni a ń rí lára ògiri gẹ́gẹ́ bí ìlà wínníwínní tí ó tò jọ. Ìnípọn tún ń ran dídán lọ́wọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Bí bíìtì olórí-róbótó bá ti ń kọjá, ó ń fi òkìtì kékeré sílẹ̀ láàárín ipa kan àti èkejì. A lè mọ gíga òkìtì náà: kí a sọ àlàfo ipa méjì di ìlọ́po ara rẹ̀, kí a sì fi ìlọ́po mẹ́jọ ìdajì ìbú bíìtì pín in. Bí àlàfo bá jẹ́ mìlímítà 1.2, bíìtì oní-mìlímítà 6 yóò fi òkìtì tí ó ga ní mìlímítà 0.06 sílẹ̀, oní-mìlímítà 12 yóò fi ìdajì rẹ̀, 0.03, sílẹ̀ láàárín àkókò kan náà. A sì máa ń rí àwọn tí ó gbàgbọ́ pé bíìtì tín-ín-rín ni ó ń mú kí iṣẹ́ dán.

Ọ̀rọ̀ ìyára kò gba àlàyé gígùn. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ́rún tí ẹnu bíìtì kọ̀ọ̀kan ń gé ni kí a máa wò, òun sì ni ìrìn bíìtì lójú ìṣẹ́jú kan tí a fi iye ìyíká àti iye ẹnu rẹ̀ pín. Bíìtì ẹlẹ́nu méjì tí ó ń yí ní ìgbà 18,000 tí ó sì ń rin mìlímítà 3,600 lójú ìṣẹ́jú kan ń gé mìlímítà 0.1, èyí sì dára fún bíìtì oní-mìlímítà 6 nínú igi líle. Bí ẹ̀rọ kò bá lágbára láti rìn tó bẹ́ẹ̀, kí a dín ìyíká kù. Ohun tí ó ń jáde yóò sọ fún wa: bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ́rún, bíìtì ń gbẹ́, bí ó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, ó ń ha, ooru sì ti ń pọ̀ níbẹ̀.

4. Ipa

Lámídì Fákẹ́yẹ, tí ó kú ní 2009, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé, ọmọ Àrẹògún, ní ibùdó iṣẹ́ ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì tí Kevin Carroll wà ní ìdí rẹ̀ láti 1947 títí di 1954. Nínú irú ìlànà tí wọ́n fi kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀ níṣẹ́, ipele mẹ́rin ni iṣẹ́ ọnà igi ń gbà kọjá. Ọ̀nà lílé ni gbígé igi sí ìrísí gbọọrọ-gbọọrọ. Àlétúnlé ni pípadà sórí rẹ̀ láti fi ìrísí kéékèèké yọ. Dídán ni mímú kí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, fínfín sì ni fífi ọ̀bẹ gé ìlà àti ọnà tí ó kẹ́yìn. A kò mú àwọn orúkọ yìí wọ inú iṣẹ́ yìí láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ihò ayò wo ohun tí ipele kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Kí ọ̀nà lílé tó bẹ̀rẹ̀, etí ni kí a kọ́kọ́ gé. A ó fi bíìtì atẹ̀sílẹ̀ tín-ín-rín yí etí ihò po lórí ìlà rẹ̀ gan-an, kí iṣan lè ti já níbẹ̀ kí afàsókè tó dé. Ìjìn rẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ ju mìlímítà 0.5 lọ. Ihò ayò ń sún sínú bí ó ti ń jìn: ní ìjìn 0.5, ògiri rẹ̀ ti sún sínú ní nǹkan bí mìlímítà 0.08, ojú kò sì lè rí i. Ní ìjìn mìlímítà 2, yóò ti tó 0.37, bíìtì tí ó dúró ṣánṣán yóò sì ti gé kọjá ara ihò, yóò fi ojú àpá sílẹ̀ yí etí po. Lára kòtò ìkó-ọmọ-sí tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, a lè gé e dé mìlímítà 1.5 láìbẹ̀rù.

Fún ọ̀nà lílé, bíìtì afàsókè olórí-pẹrẹsẹ oní-mìlímítà 8 dára. Kí ó má ṣe rì sínú igi ṣánṣán bí ẹni lu ihò. Kí ó máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń yí po. Bí a bá ń gbẹ́ ìjìn mìlímítà 5 ní ìgbà kan, kí a sì dúró ní mìlímítà 0.5 sí ògiri, ihò yóò di àkàsọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí, nítorí pé ètò kọ̀ǹpútà wọn yóò ní ó kan dídán. Ẹ jẹ́ kí a wọn àkàsọ̀ náà. Ní àyíká etí, níbi tí ògiri ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan yọ síta ní díẹ̀ ju mìlímítà 1 lọ. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ihò ti tẹ́, igi tí ó kù lè nípọn tó mìlímítà 5. Bí bíìtì dídán bá ń bọ̀ láti etí, yóò máa gbẹ́ ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lójijì yóò wá bá igi nínípọn pàdé. Yóò fì, ohùn rẹ̀ yóò yí padà, ibi tí ó ti fì sì ni a ó rí lára ihò títí láé.

Àlétúnlé ni oògùn rẹ̀. A ó fi bíìtì olórí-róbótó oní-mìlímítà 12 lọ lórí àkàsọ̀ náà pẹ̀lú àlàfo tí ó gbòòrò, bíi mìlímítà 3, kí ohun tí yóò kù lára ihò lè jẹ́ mìlímítà 0.4 níbi gbogbo. Iṣẹ́ àlétúnlé kò ju èyí lọ: kí ohun tí dídán yóò gbẹ́ dọ́gba. Agbẹ́gilére tí ó fo àlétúnlé yóò rí i nígbà tí ọ̀bẹ rẹ̀ bá wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ̀rọ kò ní ojú tí yóò fi rí i.

Nínú dídán, ọ̀nà méjì ni a lè gbà la ipa. Èkíní ni ìlà gbọọrọ láti òpin ihò kan dé èkejì, bí ẹni ń kọ ebè. Ètò kọ̀ǹpútà fẹ́ràn èyí, ṣùgbọ́n láti òkè ni ó ti ń wọn àlàfo. Ní ìsàlẹ̀ ihò tí ó tẹ́, mìlímítà 1.2 yóò jẹ́ 1.2, ní ẹ̀gbẹ́ ihò tí ó kọjú sí ìhà tí àwọn ebè ń tò sí, níbi tí ògiri ti gun tó nǹkan bí dígírì 81 lẹ́bàá etí, àlàfo náà yóò ju ìlọ́po mẹ́fà lọ lójú ògiri. Ẹ̀gbẹ́ méjì ihò yóò dán, ẹ̀gbẹ́ méjì yòókù yóò ní ìlà. Ọ̀nà kejì ni ipa tí ó ń yí po bí ìkarahun ìgbín láti etí lọ sí ìsàlẹ̀, tí a sì wọn àlàfo rẹ̀ lójú ihò fúnra rẹ̀. Kò sí ibi tí bíìtì ti ń dúró tàbí tí ó ti ń gbéra títí ihò yóò fi parí, nítorí náà kò sí àpá ìwọlé tàbí ìjáde. Èyí ni a fara mọ́. Bí a bá lo àlàfo mìlímítà 1.2, ipa ihò kan yóò gùn tó mítà 5.6. Bí bíìtì bá ń rin mìlímítà 2,000 lójú ìṣẹ́jú kan, ihò kan kò ní gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta; gbogbo ihò 12 yóò gbà tó ìṣẹ́jú 34. Ẹni tí ó bá lo bíìtì oní-mìlímítà 6 tí ó sì fẹ́ irú dídán kan náà yóò lo ìṣẹ́jú 47.

Ìhà wo ni kí bíìtì yí po sí? Bí ó bá ń yí inú ihò po ní òdì sí ọwọ́ aago, ẹnu rẹ̀ yóò máa wọ igi ní ibi tí ẹ̀ẹ́rún ti nípọn, yóò sì jáde ní ibi tí ó ti fẹ́lẹ́ lára ògiri. Climb ni ètò kọ̀ǹpútà ń pè é. Bí ó bá tọ ìhà ọwọ́ aago, ẹ̀ẹ́rún á fẹ́lẹ́ ní ìwọlé, á nípọn ní ìjáde, ó sì rọrùn fún un láti gbé iṣan sókè bí ó bá ń jáde. Nítorí náà òdì sí ọwọ́ aago ni a yàn fún dídán. Ó ní ewu tirẹ̀: ó máa ń ti bíìtì kúrò lára ògiri, kòtò á sì kéré ju ìwọ̀n lọ ní ìwọ̀nba. Lára kòtò ìkó-ọmọ-sí, a lè tún ipa ògiri kan náà tọ̀ lẹ́ẹ̀kejì láìyí nọ́ńbà kankan padà. Ohun tí bíìtì fì kúrò lára rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ni yóò gbẹ́ nígbà yìí.

Ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ kòtò yìí ni ibi tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́wọ́ ara rẹ̀. Bí mọ́tò kò bá dúró ṣánṣán sí tábìlì, ẹ̀gbẹ́ kan bíìtì yóò jìn ju èkejì lọ, ipa kọ̀ọ̀kan yóò sì fi àtẹ̀gùn wínníwínní sílẹ̀. Bí a bá fi ìka tọ́ ọ wò tí a sì mọ̀ ọ́n lára, kí a má ṣe wá bíìtì mìíràn rà. Mọ́tò ni kí a tún dè.

Ohun kan wà tí ìwé àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ kì í mẹ́nu bà, ṣùgbọ́n tí a kò lè fojú fò lọ́dọ̀ wa. Bí iná mànàmáná bá lọ nígbà tí bíìtì wà nínú igi, mọ́tò yóò dúró, ẹ̀rọ yóò sì gbàgbé ibi tí ó wà. Kí a kọ ipa ipele kọ̀ọ̀kan sí fáìlì tirẹ̀, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ìlà ihò mẹ́fà kọ̀ọ̀kan náà ní fáìlì tirẹ̀. Kí ojú ìbẹ̀rẹ̀ tí a ti ń wọn ohun gbogbo sì jẹ́ igun pákó tí a kò ní gbẹ́, kí a lè tún un rí. Iná tí ó lọ nígbà àlétúnlé kò ba nǹkan jẹ́, nítorí pé dídán ṣì ń bọ̀. Èyí tí ó lọ láàárín dídán ni ó ń fi àpá sílẹ̀, nítorí náà iná ẹ̀rọ amúnáwá tí ó dúró sójú kan ni ó yẹ kí a fi ṣe dídán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ṣì mú iná wá.

5. Fínfín

Igun ni ó kù. Bíìtì róbótó kò lè gbẹ́ igun tí ó mú: oní-mìlímítà 6 yóò fi igun tí ó ká ní mìlímítà 3 sílẹ̀, kò sì sí ipa tí ó lè yí èyí padà. Bí bíìtì bá sáré dé irú igun bẹ́ẹ̀, igi tí ó gbá a mú yóò pọ̀ lójijì. Lójú ọ̀nà títọ́, bí àlàfo bá jẹ́ ìdajì ìbú bíìtì, ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká rẹ̀ ni ó wà nínú igi. Nínú igun, ó lè di ìdajì. Ibẹ̀ ni igi ti ń jó, ibẹ̀ náà ni bíìtì tín-ín-rín ti ń ṣẹ́. Nítorí náà kí àwòrán kòtò ìkó-ọmọ-sí ní igun tí ó ká ní mìlímítà 4 ó kéré tán, kí bíìtì oní-mìlímítà 6 lè yí níbẹ̀ láìdúró.

Bí ẹni tí ó ni ọpọ́n bá sì fẹ́ igun tí ó mú ṣáká bí ti àpótí, ọwọ́ ni yóò parí rẹ̀. Kí a fi ọ̀bẹ fa ìlà igun náà ní ìhà méjèèjì kí iṣan lè já, kí a fi ṣísẹ́lì gé ìhà tí ó dábùú iṣan ṣáájú, nígbà tí igi tí ó kù ṣì ń ti iṣan lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni kí a wá gé ìhà tí ó bá iṣan lọ, díẹ̀díẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí a bá kọ́kọ́ gé èyí tí ó bá iṣan lọ, igi lè là kọjá igun wọ inú ògiri tí ẹ̀rọ ti dán tán.